Iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró: Ṣé iléèwòsàn kékeré lè ṣe é láìséwu? Ohun tó yẹ kí ará Kankon mọ̀

Bí dókítà bá sọ fún aláìsàn pé jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àmọ́ tó ní iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu ẹbí ni pé: níbo ni ká ti ṣe é?

Fún ẹni tó ń gbé ní Kankon, ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Iléèwòsàn tó wà ní Badagry kò jìnnà, ẹbí lè gbé oúnjẹ lọ láàárọ̀ kí wọ́n sì padà wálé lálẹ́. Àmọ́ kí èèyàn tó dé LUTH ní Idi-Araba tàbí LASUTH ní Ikeja, ó di kó la gbogbo ọ̀nà márosẹ̀ Badagry sí Eko kọjá, gbogbo ẹni tó ń rin ọ̀nà náà ló sì mọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. UCH ní Ibadan tún wá jìn ju ìyẹn lọ.

Ó yé èèyàn bí ẹbí bá ní kí wọ́n ṣe é nítòsí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún ìwádìí fi hàn ni pé iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é déédéé ni aláìsàn ti ń yè é jù. Iléèwòsàn kékeré ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ṣe pàtàkì gidi, àmọ́ iṣẹ́ náà kì í ṣe láti la àyà.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Ẹ̀dọ̀fóró méjì ló wà láyà èèyàn. Tọ̀tún pín sí ọ̀nà 3, tòsì pín sí 2. Bí jẹjẹrẹ kò bá tíì tàn kálẹ̀, dókítà lè gé ìpín tó wà nínú rẹ̀ kúrò, pẹ̀lú àwọn kókó kéékèèké ìtòsí rẹ̀ tí jẹjẹrẹ máa ń gbà tàn. Nígbà míì, díẹ̀ lára ìpín kan ṣoṣo ni wọ́n máa gé. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, gbogbo ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa yọ. Èyí ló léwu jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níbi tí ẹ̀rọ bá wà, wọ́n lè fi kámẹ́rà gba ihò kéékèèké wọlé láìla àyà gbàǹgbà.

Iṣẹ́ tó gbẹgẹ́ ni. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde ló wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí ọ̀kan bá já, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni oníṣẹ́ abẹ ní láti fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Dókítà tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun náà tún gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí aláìsàn máa fi ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo mí nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lórí èkejì.

Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1933 ni Dókítà Evarts Graham, ní ìlú St. Louis lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yọ odindi ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà nítorí jẹjẹrẹ, tí aláìsàn sì yè é. Irú rẹ̀ kò tíì yọrí sí rere rí ṣáájú ìgbà náà. Dókítà ni aláìsàn yẹn fúnra rẹ̀, ó sì pẹ́ láyé ju Graham tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ. Graham, tó ti mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kú ní 1957. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á.

Ewu náà pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán ojú ọgbẹ́ tán

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀bẹ ló léwu, pé bí aláìsàn bá ti jáde ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan tó tẹ̀ lé e ni kí wọ́n máa ṣọ́ jù.

Afẹ́fẹ́ lè máa jò láti ojú ibi tí wọ́n gé. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè dí ọ̀nà èémí nítorí pé ìrora kò jẹ́ kí aláìsàn lè wúkọ́, kí òtútù àyà sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú àyà láìsí ẹni tó rí i, tàbí kó dì ní ẹsẹ̀ kó sì lọ dí iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tí wọ́n rán lè tú, kí ọyún kún inú àyà.

Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ló ní àtúnṣe bí wọ́n bá tètè rí i. Ìyẹn gba nọ́ọ̀sì tó mọ bí ọ̀pá tí wọ́n fi sí àyà ṣe ń ṣiṣẹ́, tó lè mọ̀ láàárín òru pé omi inú ìgò rẹ̀ ti ń yí àwọ̀ padà. Ó gba ICU, ọ́ksíjìn tí kì í tán, iná tí kì í lọ, ẹ̀jẹ̀ ní ìpamọ́, X-ray tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sunday, ẹni tó ń ṣe físíò tó máa kọ́ aláìsàn bó ṣe máa mí àti bó ṣe máa wúkọ́, àti dókítà tó lè tún àyà là ní aago méjì òru bó bá pọn dandan.

Ìwádìí ńlá kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé jáde ní 2018 fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ yìí kan Áfíríkà gan-an. Wọ́n tọpa aláìsàn 11,422 tí wọ́n ṣe onírúurú iṣẹ́ abẹ fún ní iléèwòsàn 247, ní orílẹ̀-èdè 25 nílẹ̀ Áfíríkà. Nǹkan bí 18 nínú 100 ló ní ìṣòro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àwọn tó kú lé díẹ̀ ní 2 nínú 100, ìlọ́po méjì iye tó ń kú káàkiri àgbáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláìsàn ilẹ̀ Áfíríkà yìí kéré lọ́jọ́ orí, ara wọn sì le ju tàwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ikú náà wáyé. Ìwádìí yẹn kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀fóró nìkan, àmọ́ ó fi ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ hàn: ìtọ́jú àti ìṣọ́ aláìsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Kí ni ìwádìí sọ nípa iléèwòsàn ńlá àti kékeré?

Ní 2001, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé iṣẹ́ kan jáde lórí aláìsàn 2,118 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fún ní iléèwòsàn 76 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi àwọn iléèwòsàn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà jù wé àwọn tó ń ṣe é kéré jù. Àbájáde rẹ̀ rèé:

- Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é jù, 20 nínú 100 aláìsàn ló ní ìṣòro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é kéré jù, 44 ni.
- Láàárín 30 ọjọ́, 3 nínú 100 ló kú níbi tí wọ́n ti ń ṣe é jù. Níbi tó kéré jù, 6 ni.
- Lẹ́yìn ọdún 5, 44 nínú 100 ló ṣì wà láyé níbi tí wọ́n ti ń ṣe é jù. Níbi tó kéré jù, 33 ni.

Ní ọdún kejì, 2002, ìwé ìròyìn kan náà gbé ìwádìí mìíràn jáde tó wo oríṣiríṣi iṣẹ́ abẹ ńláńlá. Ó fi hàn pé irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe náà ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìpín kan lára ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n fẹ́ gé, ìyàtọ̀ iye tó ń kú láàárín iléèwòsàn tó ń ṣe é jù àti èyí tó ń ṣe é kéré jù kò tó 2 nínú 100. Bó bá jẹ́ odindi ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀gbẹ́ kan, ìyàtọ̀ náà ju 5 nínú 100 lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé bóyá ṣe ni àwọn iléèwòsàn ńlá ń ṣa aláìsàn tí ara rẹ̀ le mú. Ìwádìí kan láti ilẹ̀ England, tí wọ́n gbé jáde ní 2013, wo ìyẹn náà. Àwọn iléèwòsàn tó ń ṣe ju 150 iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀fóró lọ lọ́dún ni aláìsàn wọn ń yè é ju ti àwọn tí kò ṣe tó 70 lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn aláìsàn tí wọ́n ń gbà ló dàgbà jù, tí wọ́n sì ní àìsàn mìíràn lára.

Ilẹ̀ Jámánì kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ìmọ̀ràn, òfin ni wọ́n fi ṣe. Láti 2025, iléèwòsàn tí kò bá ń ṣe tó 75 iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lọ́dún kò gbọ́dọ̀ máa ṣe é mọ́, àfi bí ó bá ní ìdí pàtàkì tí òfin fàyè gbà.

Kò ṣòro láti mọ ìdí. Ẹni tó ń gun igi àgbọn lójoojúmọ́ ní etíkun Badagry àti ẹni tó ń gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọwọ́ wọn kò lè dọ́gba. Àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ dókítà nìkan. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ ẹni tó ń fún ni ní oògùn oorun, ọwọ́ àwọn ará lábù, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà.

Ṣé gbogbo iléèwòsàn ńlá ló wá dáa ni?

Rárá o. Ìṣirò apapọ̀ ni àwọn iye wọ̀nyí, wọn kì í ṣe ìdájọ́ lórí iléèwòsàn kan pàtó. Iléèwòsàn kan lè tóbi, kó ní ilé alájà mẹ́fà, kó má sì la àyà ẹnikẹ́ni láàárín oṣù mẹ́ta. Òmíràn lè kéré, àmọ́ kí ó ní oníṣẹ́ abẹ àyà àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń bá a ṣe é bọ̀ láti ọdún pípẹ́. Títóbi ilé kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Iye ìgbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí, àti ohun tí wọ́n ní nílẹ̀ bí nǹkan bá yí bírí, ni kí ẹbí wò.

Ọ̀kan tún wà tó yẹ ká ṣọ́ra fún: dókítà àlejò tó máa wá ní ọjọ́ Saturday, tó máa ṣiṣẹ́ abẹ ní iléèwòsàn àdáni kékeré, tó sì máa padà síbi tó ti wá ní ọjọ́ Sunday. Ó lè jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà lóòótọ́. Àmọ́ bí afẹ́fẹ́ bá ń jò tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà ní ọjọ́ Tuesday, ta ló máa dá aláìsàn náà lóhùn?

Báwo ni nǹkan ṣe rí ní Nàìjíríà?

Ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn iléèwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ni oníṣẹ́ abẹ àyà máa ń wà jù. Ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù, LUTH, LASUTH, UCH Ibadan àti OAUTHC ní Ile-Ife wà lára wọn. Ní LUTH kan náà ni ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 2019 pẹ̀lú orúkọ NSIA-LUTH, níbi tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ onítànṣán àti oògùn jẹjẹrẹ. Ìyẹn wúlò nítorí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ló nílò oògùn tàbí ẹ̀rọ onítànṣán mọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Ghana lè ti gbọ́ nípa ibùdó ìtọ́jú ọkàn àti àyà tó wà ní Korle Bu ní Accra, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwabena Frimpong-Boateng dá sílẹ̀.

Àmọ́ òótọ́ kan wà tí kò yẹ ká fi pamọ́. Kódà ní àwọn iléèwòsàn ńlá wa, iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kò pọ̀ tó ti òkè òkun. Kì í ṣe torí pé kò sí dókítà tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó fà á jù ni pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kì í tètè dé. Kí wọ́n tó rí oníṣẹ́ abẹ, jẹjẹrẹ ti tàn dé egungun, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ, iṣẹ́ abẹ kò sì lè wò ó sàn mọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹbí béèrè iye ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń la àyà lápapọ̀, títí kan ti àìsàn ikọ́ ife, ìjàǹbá ọkọ̀ àti àwọn mìíràn. Ìrírí yẹn náà kà.

Kí ló ń fa pípẹ́? Ikọ́ ife wà lára rẹ̀. Ikọ́ ife pọ̀ ní Nàìjíríà, àmì rẹ̀ àti ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sì jọra: ikọ́ tí kò lọ, ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ara tó ń rù, àyà dídùn. Aláìsàn lè máa lo oògùn ikọ́ ife fún oṣù mẹ́fà nígbà tó jẹ́ pé jẹjẹrẹ ló wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí iléèwòsàn tó wà nítòsí lè ṣe

Ibí yìí ni iléèwòsàn kékeré ti lè gba ẹ̀mí là jù.

Àkọ́kọ́, kí wọ́n tètè fura. Ẹni tó bá ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ikọ́ ife ní àwọn iléèwòsàn ìjọba tó ń ṣe é. Bí àyẹ̀wò bá ní kì í ṣe ikọ́ ife, àmọ́ tí ikọ́ kò lọ, tàbí tí aláìsàn ń lo oògùn ikọ́ ife tí kò sì yá, X-ray àyà ló kàn, kí wọ́n sì kọ ìwé fún un lọ sí iléèwòsàn ńlá. Kí wọ́n má ṣe fi oògùn ikọ́ àti abẹ́rẹ́ dá a dúró fún oṣù mẹ́ta.

Kì í ṣe àwọn amusìgá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Lóòótọ́, sìgá ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù lágbàáyé. Àmọ́ IARC, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka èéfín igi ìdáná inú ilé mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní etíkun wa, tí wọ́n ń fa èéfín símú láti àárọ̀ dalẹ́, kò yẹ kí wọ́n ka ikọ́ tó ń pẹ́ sí ikọ́ èéfín lásán.

Ìkejì, kí wọ́n múra aláìsàn sílẹ̀. Wọ́n lè wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n sì ràn án lọ́wọ́ kó jáwọ́ nínú sìgá. Bó bá ti lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó máa ṣe ẹ̀dọ̀fóró lóore.

Ìkẹta, ìtọ́jú lẹ́yìn tó bá padà wálé: wíwo ojú ọgbẹ́, yíyọ òwú, àti mímọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹbí béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé

1. Ṣé wọ́n ti gé díẹ̀ lára ibi tó wú náà lọ sí lábù, ṣé lábù sì ti sọ pé jẹjẹrẹ ni?
2. Ṣé CT scan ti fi hàn pé kò tíì tàn síbòmíràn?
3. Ṣé oníṣẹ́ abẹ àyà ni dókítà tó fẹ́ ṣe é, tàbí dókítà tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ?
4. Ẹ̀ẹ̀melòó ni òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún tó kọjá? Mélòó ló jáde láàyè?
5. Ìpín kan ni wọ́n fẹ́ gé ni, àbí odindi ẹ̀gbẹ́ kan?
6. Ṣé wọ́n ti wọn bí ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn ṣe lágbára tó, láti mọ̀ bóyá èyí tó kù máa gbé e?
7. Ṣé ICU, ọ́ksíjìn àti ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀? Bí iná bá lọ ńkọ́?
8. Ta ló máa wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru àti ní òpin ọ̀sẹ̀?
9. Èló ni gbogbo rẹ̀? Kí ni ìlànà ìlera ILERA EKO tàbí NHIA máa san níbẹ̀, kí sì ni ẹbí máa fi owó ara wọn san?

Àwọn ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí i. Bí wọ́n bá ní ẹ má béèrè, ìdáhùn nìyẹn náà.

Bí ọ̀nà bá jìn ńkọ́?

Ìrìn-àjò máa ń náni lówó, ó sì máa ń rẹ ni. Ní 1999, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà bi 100 aláìsàn léèrè ibi tí wọ́n máa fẹ́ kí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ fún wọn, bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ àmọ́ inú tó léwu bí irú èyí. Bí ewu bá dọ́gba, gbogbo wọn ló ní nítòsí ilé. Nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé ewu tó wà nítòsí ilé jẹ́ ìlọ́po méjì ti ibi tó jìn, 45 nínú wọn ṣì ní nítòsí ilé náà làwọn máa wà. Bí ilé ṣe máa ń fa èèyàn nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó lè bá ẹbí ṣe ìpinnu yẹn. Àmọ́ gbogbo ìgbà kọ́ ni aláìsàn gbọ́dọ̀ wà lọ́nà jíjìn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti X-ray àkọ́kọ́ ṣeé ṣe nítòsí. Ìtọ́jú ojú ọgbẹ́ ṣeé ṣe nítòsí. Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ àti ọjọ́ díẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ká tìtorí rẹ̀ rìn jìnnà.

Kí aláìsàn tó kúrò ní iléèwòsàn ńlá, kí ẹbí gba nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè pè, kí wọ́n sì gba ìwé tó ṣàlàyé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Bí èémí rẹ̀ bá ṣàdédé ń gún, tí ibà mú un, tí ọyún ń jáde lójú ọgbẹ́, tí ẹsẹ̀ kan wú, tàbí tó ń wú ẹ̀jẹ̀ tàbí omi jáde lẹ́nu, kí wọ́n má dúró di ọjọ́ kejì. Kí wọ́n gbé e lọ sí iléèwòsàn tó sún mọ́ wọn jù, kí àwọn yẹn sì pe àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ náà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tó ní ẹni tó ń wúkọ́ nílé, èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ ni pé kí ẹ má jẹ́ kí ikọ́ náà pẹ́. Aláìsàn tó bá tètè lọ ṣe àyẹ̀wò ní Badagry ni yóò ní àǹfààní láti bi ara rẹ̀ léèrè bóyá Idi-Araba ni kí òun ti ṣe iṣẹ́ abẹ tàbí Ibadan.